Babaláwo Kì í Dífá ní Ìṣẹ́jú Márùn-ún Márùn-ún

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, n kò fojú ba oorun. Ìròyìn ti kàn wá ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kógí, pé àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Èrúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, pé wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù wọ inú igbó lọ. Èrúkù kò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìjọba kà á mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin yóò gba ibẹ̀ kọjá kí ara rẹ̀ tó gbà pé òun ti kúrò nílé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbé ìsìn náà jáde, kámẹ́rà kò sì dákẹ́ nígbà tí ìbọn dún, nítorí náà fídíò wà. Ènìyàn méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó, mo tún un wò, mo sì ń tún un wò títí àkùkọ fi kọ. Tí mo bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, yóò tó ìgbà mọ́kànlá, n kò sì rí ohunkóhun nígbà kọkànlá tí n kò ti rí nígbà àkọ́kọ́. Ìwé ìdánwò ogójì wà lórí tábìlì, n kò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn.

Ìyàwó mi jí, ó bá mi lórí àga. Ó ní, "Ẹ ò tíì sùn? Kí ni ẹ tún ń wá níbẹ̀?"

N kò rí èsì fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ kọ síbí.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ọmọ rédíò ni mí. Olùkọ́ ni bàbá mi, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ oko ní abúlé wa ní Ìjùmú, rédíò oníbátìrì mẹ́rin kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa ń fi aṣọ bò bí ẹni bo ọmọ tuntun. Bátìrì wọ́n. Bí ohùn akéde bá ti ń rẹlẹ̀, àwa ọmọ ni a óò kó bátìrì náà sí oòrùn lórí páànù, kó lè rí agbára díẹ̀ sí i. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni bàbá mi ń ṣí rédíò lójúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán àti lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ìròyìn bá ti parí, yóò yí i pa, yóò sọ gbólóhùn kan nípa àwọn ológun tí n kò lè kọ síbí, yóò sì mú àdá rẹ̀. Nígbà náà, mo rò pé ahun ló ń ṣe sí wa.

Ìròyìn tó sì ń gbọ́ lásìkò yẹn kì í ṣe kékeré. A dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, ìjọba ológun sì wọ́gi lé e kí oṣù náà tó parí. Kí ọdún tó parí, Abacha ti gbàjọba. Wọ́n ju Abíọ́lá sí àtìmọ́lé, wọ́n pa àwọn kan, àwọn mìíràn sá gba ẹnu ibodè lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin ọdún 1998, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba fọwọ́ sí ti gbà pé Abacha nìkan ni àwọn yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tó mọ gbogbo ìròyìn yìí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ẹni tó bá mọ ìròyìn jù ládùúgbò ni ì bá fi gbogbo ẹnu sọ pé ọ̀nà ti dí pátápátá, a kò sì ní rí ohun tí a óò fi já a ní irọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Abacha kú. Orí ọ̀nà oko ni bàbá mi ti gbọ́, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ojú ọ̀nà mọ́tò. Kò jó. Ó ní, "Ta ló kàn?" ó sì ń bọ̀ nílé pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tọ́, nítorí pé kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé, ẹni tí gbogbo wa rò pé wọn yóò tú sílẹ̀ wá jókòó sórí àga. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀. N kò sọ ìtàn yìí bí ẹni ń sọ àlọ́ tó dùn ní ìparí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó sọ̀rètí nù ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ṣìnà, ẹni tó sì kún fún ìdánilójú ayọ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ṣìnà pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ló rò pé àwọn mọ ọ̀la.

Yorùbá ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Apá àkọ́kọ́ òwe náà ni a sábà máa ń fi tu ara wa nínú, a sì ń pa ìyókù tì. (Díákónì ni mí, kí pásítọ̀ mi má ṣe jáyà, òwe ni mo ń yẹ̀ wò.) Ẹ wo babaláwo. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó wo ọ̀la, òun ló kọ́ ọ, òun ló fi ń jẹun, síbẹ̀ kò gbà pé ohun tí òun rí lónìí yóò dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ó mọ̀ pé òun yóò tún padà bi Ifá. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, tí n kò mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ mi, ni mo wá jókòó ní agogo mẹ́ta òru tí mo ń sọ fún ara mi pé Nàìjíríà ti parí. Ta ló sọ fún mi? Mo ti máa ń ka àìnírètí sí ìrẹ̀lẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó sọ̀rètí nù ti gba òótọ́ ayé tí àwọn yòókù ń sá fún. Ní báyìí, mo gbà pé ìgbéraga wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrọọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Babaláwo kì í dífá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá ti dá a tán, yóò kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sápò, yóò já ewé, yóò wa egbò, yóò lọ sí ọjà, yóò jẹun, yóò sì sùn, títí ọjọ́ yóò fi pé. Àwọn tó pa òwe yìí mọ̀ pé ayé ń yí, wọ́n sì tún mọ̀ pé ìbéèrè léraléra kì í mú kí ìdáhùn yá. Bátìrì ló kọ́ bàbá mi ní ọgbọ́n kan náà láìjẹ́ pé ó wá a.

Mo pinnu láti gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ìlú wa ni mo mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn tí mo bá ti sinmi, mo ń ka ìròyìn fún wákàtí kan, mo sì ń ka èyí tó gùn, tí ẹni tó kọ ọ́ ti fara balẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀. Láàárín ọjà sí ọjà, n kò ṣí i. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nira fún mi bí ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá. Ọwọ́ mi ń lọ sápò fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni iye ọ̀rọ̀ tí ọjà kan sí èkejì ń pa. Àhesọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nípa agbègbè wa, tí ì bá gba oorun lójú mi, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti tọrọ àforíjì kí n tó ṣí i. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, àwọn ènìyàn 38 tí wọ́n kó ní Èrúkù gba òmìnira. Láàárín àkókò kan náà, ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ju 200 lọ ní Papiri ní ìpínlẹ̀ Niger, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni a tó gbọ́ pé èyí tó kù nínú wọn ti padà. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìdúpẹ́ yẹn bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n pa ní Èrúkù kò jí dìde nígbà tí àwọn yòókù dé, ìyá tó fi oṣù kan gbáko dúró de ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí oṣù náà gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: pé èmi, tí n kì í ṣe ìyá wọn, kò ran ìyá kankan lọ́wọ́ nípa wíwo fídíò nígbà mọ́kànlá.

Àbúrò mi kò gbà. Òun wà lára àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ abúlé wa lóru. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọrọọrún fún un, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ń gbé ní Kàbà. Tí èmi bá dúró di ọjọ́ ọjà kí n tó ka tèmi, ẹ̀yìnkùlé Ìyá ni wọn yóò ti bá mi."

Mo ní, "Kí ni o máa ń kà gan-an?"

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ẹgbẹ́ àwọn aṣọ́de ni, láti abúlé mẹ́fà tàbí méje tó múlé gbera wọn. "A rí ẹsẹ̀ bàtà lẹ́bàá odò." "Ọkọ̀ kan tí a kò mọ̀ gba ọ̀nà oko òkè." "Ó ti lọ, a rí i." "Ta ló wà ní ibùsọ̀ lónìí?" Kò sí ọ̀rọ̀ tó ju ìlà méjì lọ. Kò sí fídíò kankan.

Mo gbà fún un lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ kò bá èyí tó gba oorun lójú mi tan. Tirẹ̀ ń sọ ibi tí kó gbé ẹsẹ̀ sí, ẹnìkan sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó lè dìde lọ wò ó. Tèmi kò ní kí n lọ síbì kankan. Bí ìròyìn bá lè yí ọ̀nà tí n óò gbà lọ sílé lónìí padà, kò gbọdọ̀ dúró de ọjà. Àwa tí a wà ní Kàbà ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí wọ́n kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá jáde, mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìbọn. Ní òru yẹn, ìpè kan láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò pé "ẹ má jáde" wúlò ju gbogbo ìwé ìròyìn lọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló mú mi rántí àwọn òkè. Ẹni tó bá rin ilẹ̀ Ìjùmú tàbí Bùnú yóò rí òkè àpáta tí àwọn baba wa fi ṣe ilé. Ogun Tápà ló gbé wọn gun ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Bídà a máa wá kó ènìyàn lẹ́rú, ẹrú kan náà sì ni wọ́n ń gbà bí ìsákọ́lẹ̀, kì í ṣe fún ọdún kan tàbí méjì, ọ̀pọ̀ ọdún ni, débi pé àwọn ìlú kan tú pátápátá. Ẹnìkan a wà lórí àpáta tó ń wo ọ̀nà. Àwọn yòókù a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn: wọ́n ń kọ ebè. Iṣu kì í ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó gbin èèbù ní ìparí ọdún 1896 kò mọ̀ pé ní oṣù Kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company yóò ṣẹ́gun Bídà. Ilé-iṣẹ́ yìí kò sì wá nítorí ìfẹ́ wa, òwò tirẹ̀ ló ń wá, ọ̀gá mìíràn ni a sì gbà. Àmọ́ àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n tẹ ìlú dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, iṣu tí wọ́n ti gbìn nígbà tí kò sí ìròyìn rere kankan sì wà nílẹ̀ fún wọn láti wà.

Ìrètí wọn yìí yàtọ̀ sí irú èyí tí èmi ní lọ́dún 2015. A dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Kógí ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Bí wọ́n ti ń ka ìbò lọ́wọ́ ni Abubakar Audu, tó ń léwájú, jáde láyé. James Faleke, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdè ní Ìjùmú níbí, ni igbákejì rẹ̀ nínú ìdíje náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, wọn kò dìbò yan ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kógí, sí ipò gómìnà, títí di òní olónìí. Nítorí náà, àwa kan ti ń ṣírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá láti sọ ọ́ síta nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn mú Yahaya Bello dípò, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi òpin sí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Fún ọdún méjì lẹ́yìn náà, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òṣèlú kankan. Orí ọrùn ẹnìkan ṣoṣo ni mo so ohun gbogbo kọ́. Àwọn tó ṣáájú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lọ́dún 1957 láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kékeré, pé kí a da Kàbà pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, a kò yí ààlà náà padà fún wọn, wọ́n sì padà sílé lọ dá owó ìlú jọ láti kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn. Ó dùn wọ́n, mo mọ̀, nítorí pé àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra.

Ìròyìn òkè òkun ló wá kù, òun ló sì dàrú mọ́ mi lójú jù. Nígbà kan, a lè sọ pé ti ibẹ̀ kò kàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Trump kéde pé òun lè rán ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá sí Nàìjíríà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, wọ́n ju ohun ìjà sí Sókótó, ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé àfọ́kù rẹ̀ já bọ́ dé Ọ̀fà. Ọ̀fà níbí o! Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kò kan òun lè bá àfọ́kù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Síbẹ̀, n kò lè gbé gbogbo ayé lórí. Mo yan ogun kan tí n óò máa tẹ̀lé dáadáa, mo sì yan Sudan, nítorí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ aládúláwọ̀ bíi tiwa tí wọn kì í sì í pẹ́ lójú ìwé àkọ́kọ́. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023. Nígbà tí ìlú El Fasher bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun RSF, tó ń bá ológun ìjọba jà, ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn ìsàgatì tó ju ọdún kan lọ, ohun tí mo kà ba ọkàn mi jẹ́ ju ti Èrúkù lọ. Ṣùgbọ́n nínú kíka ohun tó gùn ni mo ti pàdé àwọn ará Sudan tó kó ara wọn jọ ládùúgbò sí àdúgbò láti máa dáná fún ogunlọ́gọ̀, tí wọ́n ń wá oògùn, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn kúrò lójú ìbọn, láìsí ìjọba kankan lẹ́yìn wọn. Emergency Response Rooms ni orúkọ wọn, àwọn àjèjì ní Norway sì ti fún wọn ní ẹ̀bùn Rafto, ẹ̀bùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lọ́dún 2025. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo ti ń gbọ́ "Sudan" lórí fóònù mi kí n tó mọ̀ pé wọ́n wà. Bọ́ǹbù máa ń dé inú ìròyìn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìkòkò oúnjẹ kì í tètè dé ibẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe lánàá náà ni wọ́n tún ń ṣe lónìí.

Òkun ni a máa ń kí ara wa níbí, ìkíni náà ni wọ́n sì fi sọ wá lórúkọ. A fi ń kí ẹni tó ń roko, a fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a fi ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Kò bi ọ́ léèrè pé ṣé nǹkan yóò dára. Ó kàn jẹ́wọ́ pé a rí ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Ìyá kọ ebè. Oko ẹ̀bá ilé nìkan ni a kọ, nítorí pé àwọn aṣọ́de kò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni dá oko òkè lọ. Ebè 200 ni, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kọ kó dín ní 600. Àbúrò mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, ó ń wo fóònù, ó ń wo igbó. Nígbà tí a gbin èyí tí ilẹ̀ lè gbà tán, èèbù tó kù ṣì kún agbọ̀n méjì. Mo ní kí a gé e fún ewúrẹ́ tàbí kí a sè é. Ìyá wò mí bí ẹni pé èmi kọ́ ni ó bí.

Ó ní, "Ti oko òkè nìyẹn."

Ó bu eérú sí ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e, ó tẹ́ wọn sí abẹ́ òjìji lẹ́yìn ilé, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n.